Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìṣègùn: Ilé Ìwòsàn Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀wọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ kan bá bọ́ aṣọ ìsìnlú sílẹ̀, tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí wọn, tí owó tí ìjọba ń san fún wọn lóṣooṣù sì dá, ìbéèrè kan a máa gba ẹnu àwọn tí wọ́n kàwé nípa ẹ̀rọ, nípa iná mànàmáná, nípa físíìsì àti nípa kọ̀ǹpútà láàrin wọn, pé níbo ni ó dára jù tí ènìyàn lè lọ gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, ìyẹn ìmọ̀ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ara ènìyàn wò, tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, tí a sì fi ń ran ẹ̀yà ara tí ó ti rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn òbí pàápàá ń bá wọn béèrè é, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ́ dókítà, tí ọmọ kò sì rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí wọ́n wá gbọ́ pé ọ̀nà mìíràn wà tí ọmọ ẹnjiníà fi lè wọ ilé ìwòsàn láìgbé abẹ dání. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà kì í sábà ju orúkọ yunifásítì mẹ́ta mẹ́rin tí ó lókìkí ní òkè òkun lọ. Èrò ti ìwé ìròyìn yìí ni pé ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ọ̀dọ́ tó béèrè orúkọ yunifásítì, ó yẹ kí ó béèrè bí ilé ìwòsàn ti súnmọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó, kí àwa tí a wà nílé sì béèrè lọ́wọ́ ara wa pé ta ni yóò gba ọmọ náà síṣẹ́ nígbà tí ó bá padà dé.

Ẹni tí ó bá tọpa ìtàn iṣẹ́ yìí yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni ó ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1949, ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà, Earl Bakken àti àna rẹ̀, Palmer Hermundslie, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ nínú gáréèjì, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ kò ju títún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí ó bàjẹ́ ṣe lọ. Àtúnṣe yìí ni ó sọ Bakken di ojúlùmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, tí ó fi ń wọlé tí ó ń jáde ní ibi tí wọ́n ti ń la àyà àwọn ọmọdé láti tún ọkàn wọn ṣe. Ní àkókò náà, ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù tóbi, inú ògiri ni wọ́n sì ń ki wáyà rẹ̀ bọ̀ kí ó tó lè rí iná lò, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, ẹ̀mí ọmọ tí ó gbára lé e wọ ewu. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1957, iná lọ ní ìlú náà (kí ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni iná ti ń lọ), C. Walton Lillehei tí í ṣe àgbà oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ sì bẹ Bakken pé kí ó wá nǹkan ṣe sí ọ̀ràn náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Bakken fi gbé ẹ̀rọ kan dé, tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́, tí aláìsàn sì lè so mọ́ ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àtúnṣe inú gáréèjì yẹn ni Medtronic, tí ó wà lónìí lára àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwòsàn tí ó tóbi jù lọ láyé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí iná lọ ní Minneapolis ni a ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù Bélú ọdún kan náà. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni àwọn ará ibẹ̀ fi jù wá lọ nínú ọ̀ràn yìí, bí kò ṣe pé wọ́n gba ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe láyè láti dúró ti oníṣẹ́ abẹ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń dun aláìsàn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí níbòmíràn. Dókítà Willem Kolff, ní ìlú Kampen ní ilẹ̀ Netherlands, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler gba ilẹ̀ wọn, fi awọ sẹ̀lófénì tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ní ọdún 1943. Ọ̀kan tẹ̀lé èkejì ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tọ́jú ń kú, kò sì jáwọ́, títí di ọdún 1945 tí obìnrin ẹni ọdún 67 kan fi yè. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, Allan Cormack ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Cape Town nígbà tí ilé ìwòsàn Groote Schuur wá ẹni tí yóò máa bojú tó ohun èlò olóró ìtànṣán wọn kù, nítorí pé òfin kò gbà kí wọ́n lò ó láìsí onímọ̀ físíìsì. Ní ọdún 1956 wọ́n yá a fún ilé ìwòsàn náà fún ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé àwọn dókítà ń tan ìtànṣán sí inú ara bí ẹni pé ọ̀kan náà ni egungun àti ẹran, ó sì jókòó ti ìṣirò bí a ti lè fi ẹ́kísíréè mọ ohun tí ó wà nínú ara, ìpele lórí ìpele. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1963 àti 1964, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó kà á sí. Godfrey Hounsfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ṣe ẹ̀rọ síkáànù CT tí wọ́n fi yẹ orí aláìsàn wò ní Wimbledon ní ọdún 1971, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1979. Bí kò bá sí ọjọ́ kan ààbọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ní Groote Schuur, kò dájú pé Cormack ì bá ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà láéláé.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ èyí. Irin Ògún lákáayé, ọṣìn-ìmọlẹ̀, ni olóòlà fi ń kọlà tí ó sì fi ń dábẹ́. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ abẹ náà, bí abẹ kò bá sì mú, olóòlà ni yóò gbé e padà lọ sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ láti sọ bí ó ti ṣe é lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà mọ ibi tí ọ̀ràn ti ń dun aláìsàn, kò mọ ohun tí wáyà àti páìpù lè ṣe. Ẹnjiníà mọ wáyà àti páìpù, ṣùgbọ́n bí kò bá rí aláìsàn rí, ohun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní ni yóò fi ọdún márùn-ún ṣe, tí yóò sì fi gba oyè.

Nítorí náà ni a fi ń gba ẹni tí ó fẹ́ kà sí i níyànjú pé kí ó kọ́kọ́ mọ ẹ̀ka tí ọkàn rẹ̀ fà sí, nítorí pé agbo ilé ńlá ni ìmọ̀ yìí, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò sì mọ ara wọn tán. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán inú ara, ìyẹn síkáànù, MRI àti ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún. Ẹni tí ìṣirò àti físíìsì rọ̀ lọ́rùn ni ibẹ̀ yẹ. Àwọn kan ń wá ohun èlò tí ara kò ní kọ̀, tí a fi ń ṣe oríkèé itan tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gbìyànjú láti fi sẹ́ẹ̀lì hu ẹran ara tuntun; ẹ̀ka yìí ni ó ń gba àwọn tí wọ́n ti ka kẹ́mísírì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà. Ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti apá àtọwọ́dá wà fún ẹni tí ó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹ̀káníkà. Kọ̀ǹpútà ti wọ gbogbo rẹ̀ báyìí, ó sì ń fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ́ra nítorí pé ènìyàn lè jókòó sínú ilé kí ó máa ṣe é. A kò bá wọn jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn tí yóò ka àmì lójú kọ̀ǹpútà yóò pọ̀ ju àwọn tí yóò lè so ẹ̀rọ tí ń gba àmì náà mọ́ àyà aláìsàn lọ.

Ẹ̀ka kan wà tí a ń sá fún nílé, tí ó sì jẹ́ pé òun ni a nílò jù lọ: ti ẹnjiníà inú ilé ìwòsàn, ẹni tí ń yan ẹ̀rọ tí ó yẹ kí a rà, tí ń gbé e kalẹ̀, tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ó ń sọ, tí ń kọ́ nọ́ọ̀sì bí a ti ń lò ó, tí ń tún un ṣe, tí ó sì mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a pa á tì. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pe èyí ní iṣẹ́ atúnrédíò-ṣe, wọn kò sì fẹ́ kí a fi oyè kejì pè wọ́n síbẹ̀. Ìwádìí kan tí Perry àti Malkin tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 kó ìwé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn 112,040 jọ láti àwọn ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀, wọ́n sì rí i pé 42,925 nínú wọn ni kò ṣiṣẹ́, èyí tí ó lé ní 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n kà sí ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú láti ilẹ̀ wá. Àìsí ẹni tí a kọ́ níṣẹ́, àìsí ètò ìtọ́jú ẹ̀rọ, àti àìsí iná àti omi tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. Ẹ wo ẹ̀rọ tí àwọn olóore kó wá láti Amẹ́ríkà, tí a ṣe fún iná fólítì 120, tí ẹnìkan kàn kì bọ ògiri wa tí iná ibẹ̀ jẹ́ 230. Èéfín rẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ìjọba yóò mọ ibi tí wọ́n ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí, níbi tí àwọn adìẹ ti ń yé lé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àtúnṣe nìkan ni èyí o, nítorí pé ibi tí àtúnṣe bá ti dé ojú ni ìwádìí ti ń jáde. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà àrùn Kòrónà, èyí tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Jàpáànù kan, ni ó hùmọ̀ ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1974: a óò tan ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí gba inú ìka kọjá, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún yóò gba ti àkọ́kọ́ díẹ̀ àti ti èkejì púpọ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi ìyàtọ̀ náà ṣírò. Ṣùgbọ́n dúdú ara pẹ̀lú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ń sọ pé kò sí ewu, nígbà tí ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ nítòótọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Fún bí ogójì ọdún ó lé ni a fi há a mọ́ ìka àwa ènìyàn dúdú káàkiri ayé! Bí ó bá ṣe pé àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò ni, ta ni kò mọ̀ pé ẹnìkan ì bá ti na ìka tirẹ̀ síwájú, kí ó sì béèrè?

Díẹ̀ nínú wọn wà níbẹ̀ báyìí, a sì ń kí wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, kọ́ni ní Princeton fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun èlò, títí kan èyí tí a ń lò nínú ara, ó sì wá sílé láti ṣe ààrẹ African University of Science and Technology ní Abùjá fún sáà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Omolola Eniola-Adefeso, tí ó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀, ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ ní Michigan lórí bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, àti lórí àwọn ohun tín-ín-tín tí ó lè gbé òògùn dé ibi tí ara ti ń wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Achilefu, ọmọ Nàìjíríà tí ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Nancy ní ilẹ̀ Faransé, hùmọ̀ awò ojú tí oníṣẹ́ abẹ lè fi rí ibi tí jẹjẹrẹ dé lára aláìsàn, òun sì ni a fi ṣe olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ní UT Southwestern ní Dallas. Kò sí èyí tí ó gba ọ̀nà kan náà nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nípa ti yunifásítì gan-an, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ilé ìwòsàn LUTH. Ìlọrin Àfọ̀njá ní tirẹ̀. Northwestern ní Amẹ́ríkà sì ti bá Èkó àti Ìbàdàn ṣiṣẹ́ pọ̀ láti fi ìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á nílé yóò bá ọyẹ́, eruku àti iná tí ń lọ tí ń bọ̀ pàdé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀rọ tí ó bá sì ṣe yóò mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó. Àléébù ibẹ̀ kò fara sin: ohun èlò yàrá ìwádìí kò tó, ìdáṣẹ́sílẹ̀ sì ti sọ oyè ọdún méjì di ọdún mẹ́rin fún ẹni púpọ̀. Lẹ́yìn ilé, kí ọmọ wa má ṣe fo ilẹ̀ Áfíríkà dá. Legon ní Gánà ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, Cape Town sì ń ṣe é ní ìsàlẹ̀ òkè tí Groote Schuur wà, níbi tí Cormack ti rí ohun tí ó rí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ń lé, nítorí pé ọdún kan péré ni oyè kejì wọn ń gbà. Imperial ní Lọ́ńdọ̀nù lókìkí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti apá àtọwọ́dá bá jẹ lógún, Strathclyde ní Glasgow ni kí ó kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà gan-an láti ìgbà pípẹ́. Kí ẹni tí ó ní aya tàbí ọkọ rántí pé láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 ni wọn kò ti gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tí kì í ṣe ti ìwádìí láyè mọ́ láti kó aya, ọkọ tàbí ọmọ lọ. Àwọn tí ń ṣe oyè ìwádìí ni ó ṣì lè kó wọn. Owó ilé ẹ̀kọ́ wọn ń fọ́ni lójú, ẹni tí kò bá sì rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Chevening tàbí ti Commonwealth gbà, kí ó ronú dáadáa. Chevening ń fẹ́ kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n sì ń fẹ́ kí ó padà sílé fún ọdún méjì, àdéhùn tí ó dára lójú tiwa bí iṣẹ́ bá wà nílé láti padà sí.

Jámánì ni a rò pé àwọn ọmọ wa kò tíì mọ rírì rẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, tí ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àlejò láti ọdún 2017, yàtọ̀ sí wọn. Sáà mẹ́rin ni oyè kejì, Aachen sì ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ní Erlangen, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ẹ́kísíréè láti ayé àtijọ́, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ Siemens jọ ń gbé bí ará ilé. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ń yọ wọ́n lẹ́nu fún ẹnjiníà, nítorí náà ẹni tí kò bá kọ́ èdè Jámánì kí ó tó lọ yóò gba oyè láìwọ ilé ìwòsàn, èyí tí a ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò tó. Ó sì gbọ́dọ̀ fi owó oúnjẹ ọdún kan pa mọ́ sí báńkì kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìwọlé. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ DAAD lè bá a gbé ẹrù náà bí ó bá yege.

Ní ti Amẹ́ríkà, ohun kan wà tí ó yẹ kí a kọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo yunifásítì wa: ènìyàn lè ti ibi oyè kìn-ín-ní bọ́ sí oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni ó sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ, nígbà tí ẹni tí ó lọ fún oyè kejì sábà máa ń san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù nítorí oyè kejì ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ní ìwé ìdánwò tí ó lè mú un wọ oyè ọ̀mọ̀wé, dà bí ẹni tí ó ta oko láti fi ra ọkọ́. Georgia Tech àti Emory jọ dá ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ọdún 1997, ọ̀kan mú ẹnjiníà wá, èkejì mú ilé ìwòsàn wá. Johns Hopkins ní oyè kejì ọlọ́dún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń fi wọ ilé ìwòsàn láti wá ìṣòro kí wọ́n tó wá ojútùú. Bí a bá rí ẹni tí yóò san owó rẹ̀, òun nìkan ni a lè yọ kúrò nínú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Òfin ìwé ìwọlé ibẹ̀ sì ń yí padà lemọ́lemọ́, kí ènìyàn bi ọ́fíìsì ìjọba wọn léèrè, kí ó má ṣe bi ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa àwọn agbowó-lọ́wọ́-ẹni wọ̀nyí, à ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò ń yọjú. Wọ́n ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ọmọ láti bá a kọ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ lè kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà tí ó ní láárí ni èyí tí ọmọ kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti ka iṣẹ́ rẹ̀, tí ó bi í bóyá àyè wà, bóyá owó wà, àti ilé ìwòsàn wo ni àwọn ọmọ yàrá ìwádìí rẹ̀ ń wọ̀. Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹta bá jẹ́ pé kò sí, kí ó wo ibòmíràn.

A ti rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ. Ọmọ tí a bí tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára láti ṣí fúnra rẹ̀. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ tì í nímú, tí a ki ẹnu páìpù kejì bọ inú omi, jíjìn omi náà ni yóò wọn agbára tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró wà ní ṣíṣí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Rice ní Houston àti àwọn dókítà ní Blantyre ní Màláwì ni wọ́n jọ sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní Pumani, láti inú irú iṣẹ́ yìí sì ni ètò NEST360 ti jáde, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Màláwì, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ Imperial, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ àwọn àpótí amóoru tí a ti jù sẹ́yìn ilé ìwòsàn wa di èyí tí ń tún gbé ọmọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science ní ọdún 2023 fún ẹ̀rọ amọ́mọ-mí tí ó ṣe. Òun náà, láti orí àtúnṣe ni ó ti dé ibẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ń dúró de ẹni tí ó bá padà dé. Bí ó bá kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìlera ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò wá orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ipò, wọn kì í sábà rí i. Bí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀, wọn yóò fi sí ẹ̀ka iṣẹ́ ilé kíkọ́, láàrin àwọn tí ń bojú tó jẹnẹrétọ̀ àti páìpù omi, níbi tí kò ní ẹnu láti bá oníṣègùn àgbà sọ pé ẹ̀rọ tí ó fẹ́ rà kò ní ẹ̀yà ìpààrọ̀ ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi tún pààrá ọ́fíìsì ìwé ìwọlé. A óò sì máa pariwo pé àwọn ọmọ wa ń sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa ni a kò tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún wọn.

Bí ọdún bá ń parí lọ ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe ìṣirò owó ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò tó owó tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ síkáànù kan: kí a rí àyè iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ ìṣègùn nínú ìwé ipò ilé ìwòsàn ńlá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó oṣù tí kò yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ apòògùn, kí a ya owó ẹ̀yà ìpààrọ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe fi ra epo mọ́tò, kí àwọn yunifásítì wa má sì fún ẹnikẹ́ni ní oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí bí kò bá tíì lo oṣù mẹ́fà nínú wọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ tí ẹnjiníà náà bá ti wọlé, kí kọmíṣánnà kankan má ṣe buwọ́ lu ìwé ríra ẹ̀rọ tuntun tí kò bá rí ìbuwọ́lù rẹ̀ níbẹ̀.